Ẹgbẹ́ tó ń gbá ló ṣe ìdíwọ́: ta ni adájọ́ máa ní kó jáde?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ gbá béésíbọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́ níbí, àwa mélòó kan la sì máa dúró ṣe adájọ́. Ti ẹgbẹ́ tó ń mú bọ́ọ̀lù yé wa: ẹni tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í sì í ṣe pé ó ń mú un, kò gbọdọ̀ dí asáré (ẹni ẹgbẹ́ tó ń gbá, tó ń sáré yí béèsì mẹ́rin orí pápá ká) lọ́nà. Ibi tó ti ń dojú rú ni tí ẹgbẹ́ tó ń gbá bá ṣe ìdíwọ́, pàápàá tí ẹni tó ṣe é kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ bá wa wo mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́, asáré ti wọlé, ìyẹn ni pé ó ti yí padà dé ilé, béèsì tí wọ́n ti ń gbá, ayò ti wà. Kò kúrò níbẹ̀, ó dúró sórí ilé, ó ń juwọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ pé kó máa bọ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn pápá bà á lẹ́yìn, ẹnì kejì náà sì wọlé.

Ìkejì, onígi (ẹni tó ń gbá) pàdánù sítíráìkì kẹta (ó gbá òfo lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti jáde), ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú síwájú aṣọ́lé (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé), bẹ́ẹ̀ asáré béèsì kìíní ń jí béèsì kejì lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó ń sáré lọ síbẹ̀ láìdúró kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù.

Ìkẹta, bọ́ọ̀lù lọ sókè lẹ́bàá béèsì kẹta. Kóòṣì tó wà níbẹ̀ ò yẹra, ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù kọlù ú, bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ní tí onítọ̀hún ò bá ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sẹ́jọ́ níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ará Kétu
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, àbúrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ sílẹ̀ ná. Kí adájọ́ tó lanu, ohun méjì ni kó ti rí: ta ló ṣe ìdíwọ́, àti pé ṣé bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ni àbí èyí tí wọ́n jù. Ẹni tó ṣe é ló máa fi hàn yín ẹni tó máa jáde. Irú bọ́ọ̀lù náà ló máa sọ bóyá ẹ nílò kí ẹ wá ìdí mọ̀ọ́mọ̀ rárá, òun náà ló sì sábà máa ń sọ béèsì tí àwọn yòókù máa padà sí.

Ẹni tó ti jáde, tàbí tó ti wọlé gba ayò, kò lè jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n ń lé lọ́wọ́ ló máa jẹ ìyà ohun tó ṣe. Òfin 6.01(a)(5) nínú ìwé òfin béésíbọ́ọ̀lù nìyẹn, òun ló sì bo àkọ́kọ́ àti ìkejì tí o kọ.

Ti àkọ́kọ́: bọ́ọ̀lù kú lójú ẹsẹ̀, eré dúró. Ayò ẹni àkọ́kọ́ dúró, nítorí ó ti wọlé kí ìdíwọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kejì tó ń bọ̀ nílé jáde. Asáré mìíràn tó bá wà lórí pápá á padà sí béèsì tó fẹsẹ̀ tẹ̀ gbẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó ba ọ̀rẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ wo ara ẹni náà dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ wọlé ni (ó fi ara wọ́ nílẹ̀ dé ilé), tó ṣì wà nílẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá a kó tó ráyè dìde, kò ṣe nǹkan kan, eré ń lọ. Ẹni tó ráyè kúrò tí kò kúrò, tó wá dúró síbi tí aṣọ́lé fẹ́ lò, òun lẹ ń wá.

Ti ìkejì: onígi ti jáde nípa sítíráìkì kẹta, nítorí náà asáré tó ń jí béèsì kejì ló máa jáde nítorí rẹ̀. Tí aṣọ́lé bá rọ́gbọ́n ju bọ́ọ̀lù náà, tí wọ́n sì mú asáré ní béèsì kejì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ má pe ìdíwọ́ kankan.

Ti ìkẹta: òfin 6.01(b). Kóòṣì, ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó kàn láti gbá, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yàgò fún ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù, títí kan inú ibi tí wọ́n jókòó sí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ni, nítorí náà onígi jáde, gbogbo asáré sì padà sí béèsì tí wọ́n wà nígbà tí ajubọ́ọ̀lù ju bọ́ọ̀lù sí onígi. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù ni kóòṣì náà dí, asáré tí wọ́n ń lé lọ́wọ́ ló máa jáde, àwọn yòókù á sì padà sí béèsì tí wọ́n tẹ̀ gbẹ̀yìn kí ìdíwọ́ náà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sórí. Ibi tí wọ́n ti máa ń gbé asáré síbi tí kò tọ́ nìyẹn, tí kóòṣì kejì á sì fárígá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ojú-Ilé
Ará Kétu ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti mọ̀ọ́mọ̀ kún un.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá: ẹni tó ń mú un ló ni ọ̀nà. Asáré gbọ́dọ̀ yà fún un, kódà kó jẹ́ pé orí ìlà tí asáré ń sá ni amúbọ́ọ̀lù dúró sí. Tí asáré kò bá yà, ó jáde, ì báà mọ̀ọ́mọ̀, ì báà má mọ̀ọ́mọ̀. Tí ẹni méjì bá ń sáré bọ̀ láti mú bọ́ọ̀lù kan náà, adájọ́ gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tó ni ààbò náà; ẹnì kejì kò ní ìn.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù: asáré tó ṣì wà nínú eré kì í jáde nítorí pé bọ́ọ̀lù kàn bà á. Àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ara síwájú rẹ̀, tó nawọ́ sí i, tàbí tó yí ìdí sí i.

Èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lé lórí títí dòní ni ti ọdún 1978, ìdíje àṣekágbá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, eré kẹrin, Yankees àti Dodgers. Yankees ló ń gbá: Munson wà ní béèsì kejì, Reggie Jackson wà ní béèsì kìíní. Piniella gbá bọ́ọ̀lù sí Bill Russell ti Dodgers, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Russell, ó ṣà á, ó tẹ béèsì kejì, Jackson jáde. Ó wá jù ú sí béèsì kìíní láti mú Piniella. Jackson dúró sójú ọ̀nà, bọ́ọ̀lù bá a ní ìbàdí, ó ta lọ, Munson sì wọlé. Àwọn adájọ́ ní kò mọ̀ọ́mọ̀, ayò dúró, Yankees sì borí pẹ̀lú 4 sí 3. Ká ní wọ́n pè é ní ìdíwọ́ ni, Piniella á jáde nítorí Jackson, ayò Munson á sì pa rẹ́. Ohun tí ẹ máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti jáde tó sì kàn ń bá eré rẹ̀ lọ kò tíì ṣẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn nìkan. Ohun tí ara rẹ̀ ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ni ẹ máa wò. Ẹ gbé ojú sí ìbàdí àti apá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Pápá
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Tí asáré bá dúró lórí béèsì rẹ̀ ńkọ́, tí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù tó wà lókè wá kọlù ú? Ṣé kó fi béèsì sílẹ̀ ni?

Ojú-Ilé
Rárá, màmá, kò pọn dandan. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń tẹ béèsì tó jẹ́ tirẹ̀, kì í jáde àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí ẹni náà. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìyà rẹ̀ le: tí ẹni tó ti jáde kò bá tíì pé méjì, òun àti onígi ló máa jáde pọ̀. Tí ó bá ti pé méjì, onígi ló máa jáde.

Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù tó bá asáré lára. Tí bọ́ọ̀lù rere tí wọ́n gbá (èyí tó wà nínú ìlà pápá) bá ba asáré kí amúbọ́ọ̀lù kankan tó fọwọ́ kàn án, asáré jáde, kódà kó wà lórí béèsì. Bọ́ọ̀lù kú, onígi gba béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yòókù kò sì kúrò níbi tí wọ́n wà àfi tí béèsì kìíní tí onígi gbà bá fi dandan lé wọn síwájú. Ohun mẹ́ta ló lè gbà á: amúbọ́ọ̀lù ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà tẹ́lẹ̀, tàbí bọ́ọ̀lù ti kọjá lára amúbọ́ọ̀lù inú kan (ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ agbègbè béèsì), tí kò sì sí amúbọ́ọ̀lù inú mìíràn tó lè mú un, tàbí adájọ́ ti kéde pé onígi ti jáde lórí bọ́ọ̀lù òkè tó rọrùn fún amúbọ́ọ̀lù inú láti mú, asáré sì ń tẹ béèsì rẹ̀.

Ẹlẹ́fun Sábẹ̀ẹ́
Ẹ kú ìjíròrò o. Ìlà ni èmi fẹ́ sọ, nítorí ẹjọ́ kan wà tí ẹ ò lè dá láìsí i.

Nígbà tí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù, tó ń sáré lọ sí béèsì kìíní, ó ní ojú ọ̀nà kan tó gbọ́dọ̀ gbà ní ìdajì ìkẹyìn. Láti ilé sí béèsì kìíní jẹ́ mítà 27.43 lórí pápá àgbà, nítorí náà ojú ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti mítà 13.7. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91, lápá ọ̀tún ìlà, ìyẹn ní ìta. Tí ẹ bá dín pápá kù fún àwọn ọmọdé, ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ pín in sí méjì, ìdajì ìkẹyìn ni kí ẹ fà. Ìbú rẹ̀ kò yí padà. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ìlà náà sì wà lára rẹ̀, ẹni tó bá ń tẹ ìlà kò tíì jáde síta.

Púpọ̀ nínú pápá wa ní Sábẹ̀ẹ́ àti Kétu, pápá fúùbọ́ọ̀lù ni, ilẹ̀ pupa, kò sí ìlà yìí níbẹ̀ rárá. Ẹ so okùn láti igun ilé dé béèsì kìíní, ẹ nà án kó le, ẹ so èkejì sí ìta rẹ̀ ní 91, kí ẹ tó da ẹfun sí i. Ẹfun gbígbẹ kì í pẹ́ kó tó lọ nígbà ọyẹ́, ìdajì rẹ̀ á ti fò lọ kí eré tó dé àárín. Ẹ pò ó mọ́ omi títí á fi dà bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi agolo tí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ dà á tẹ̀lé okùn. Ẹfun ìkunlé máa ń jó ojú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé bá yín pò ó, kí ẹ sì fà á tipẹ́ kí wọ́n tó wọ pápá kó lè gbẹ. Tí kò bá sí ìlà, ojú lásán ni adájọ́ máa fi wò ó, kóòṣì méjèèjì á sì ní ojú tiwọn.

Ará Kétu
O ṣeun, Ẹlẹ́fun. Èyí tó ń ṣi àwọn adájọ́ tuntun lọ́nà níbẹ̀ ni pé wọ́n á rí i tí ẹni náà ń sáré nínú koríko, wọ́n á kàn ní ó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjáde kúrò lójú ọ̀nà nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó tipa bẹ́ẹ̀ dí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù ní béèsì kìíní lọ́wọ́. Tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bá lọ sókè tí ẹnikẹ́ni ò lè mú, ẹ fi asáré sílẹ̀. Ó sì lè jáde kúrò lójú ọ̀nà láti yàgò fún ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù, tàbí ní ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, kó lè tẹ béèsì.

Ní 2019, ní eré kẹfà àṣekágbá, ẹjọ́ yìí ni wọ́n dá fún Trea Turner ti Nationals. Wọ́n ní ó jáde, Gomes, ẹnì kejì rẹ̀, sì padà sí béèsì kìíní tó ti wà. Kóòṣì wọn bínú débi pé wọ́n lé e kúrò nínú eré, àmọ́ Nationals ṣì borí, 7 sí 2. Ìdí tí Gomes fi padà ni pé tí asáré-onígi (onígi tó ti gbá, tó ń sáré lọ) kò bá tíì dé béèsì kìíní nígbà tí ìdíwọ́ ṣẹlẹ̀, gbogbo àwọn yòókù á padà sí béèsì tí wọ́n wà nígbà tí ajubọ́ọ̀lù ju bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní 2004 nígbà tí Alex Rodriguez ti Yankees na ọwọ́ gbá ìbọ̀wọ́ Arroyo, ajubọ́ọ̀lù Red Sox, kí bọ́ọ̀lù lè já bọ́: Rodriguez jáde, wọ́n dá Jeter, ẹnì kejì rẹ̀ tó ti wọlé, padà sí béèsì kìíní.

Àyàfi kan wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: tí wọ́n bá kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sílé láti mú asáré, tí asáré yè, tí aṣọ́lé wá jù ú sí béèsì kìíní, tí onígi sì ṣe ìdíwọ́ nítorí pé ó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tí ẹni tó ti jáde kò bá tíì pé méjì, ayò yẹn dúró.

Ní 2024, líìgì ńlá Amẹ́ríkà fẹ ojú ọ̀nà náà wọ inú, títí dé etí koríko. Pápá wa tí kò ní koríko kò ní ibi tí ẹ máa fi mọ ààlà yẹn, nítorí náà kí àwọn tó ṣètò ìdíje ti sọ èyí tí wọ́n máa lò kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Pápá
Ti onígi tó ṣì wà nídìí igi ńkọ́? Àwọn ọmọ máa ń dúró gbọn-in síwájú aṣọ́lé tí asáré bá ń jí béèsì.

Ojú-Ilé
Àpótí onígi jẹ́ mítà 1.22 ní ìbú, 1.83 ní gígùn. Tó bá dúró sínú rẹ̀ tí kò mira, kò ṣẹ̀. Tó bá jáde síta rẹ̀, tàbí tó tẹ̀ síwájú, tó gbé igi sókè sójú ọ̀nà ọwọ́ aṣọ́lé, ìdíwọ́ ni, òfin 6.03(a)(3). Onígi ló jáde, asáré padà.

Ẹ máa ṣe sùúrù níbí o. Ẹ na ọwọ́ sí i, ẹ kígbe “Ìdíwọ́!”, àmọ́ ẹ dúró wo ibi tí bọ́ọ̀lù máa parí sí. Tí ìjù aṣọ́lé bá mú asáré jáde, ìdíwọ́ yẹn kò sí mọ́: asáré jáde, onígi ń gbá lọ, àwọn asáré yòókù sì lè ti tẹ̀ síwájú. Tí kò bá mú un jáde, kí ẹ tó pa bọ́ọ̀lù.

Tó bá jẹ́ asáré béèsì kẹta ló ń bọ̀ nílé tí onígi fi dí aṣọ́lé, ẹ ka iye tó ti jáde. Tí kò bá tíì pé méjì, asáré yẹn ló máa jáde, onígi á ṣì máa gbá. Tó bá ti pé méjì, onígi ló jáde, ayò kò sí, ẹni mẹ́ta ti jáde, ìpele náà parí.

Tí igi bá yí kọjá lẹ́yìn tó gbá òfo, tó sì ba aṣọ́lé láìmọ̀ọ́mọ̀, kò sí ẹni tó jáde nítorí ìyẹn: sítíráìkì ni, bọ́ọ̀lù kú, asáré kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti béèsì kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ẹni méjì jáde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ máa ń yọ́ lu ẹsẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Ará Kétu
Ó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ ló wà níbẹ̀. Ní October 2015, Chase Utley ti Dodgers yọ́ lu Rubén Tejada ti Mets ní béèsì kejì, egungun ẹsẹ̀ Tejada ṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi òfin 6.01(j) sínú ìwé. Ohun mẹ́rin ló ní kí asáré ṣe: kí ara rẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó dé béèsì, kí ó lè fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ dé béèsì, kó sì gbìyànjú láti dé e, kí ó lè dúró lórí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá yọ́ tán, kó sì gbìyànjú bẹ́ẹ̀ (àfi nílé nìkan), kí ó má sì yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ láti lọ kan ẹni náà. Tí ọ̀kan bá yingin, tó sì kan amúbọ́ọ̀lù láti ba ìjù rẹ̀ jẹ́, asáré àti onígi ló máa jáde. Tí asáré bá ti jáde tẹ́lẹ̀, ẹni tí amúbọ́ọ̀lù fẹ́ ju bọ́ọ̀lù mú ló máa jáde.

Ẹ pe àwọn kóòṣì jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n lórí ilẹ̀. Adájọ́ inú pápá kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù kíákíá jù. Kó kọ́kọ́ wo asáré títí á fi dúró, kó tó yíjú sí béèsì kìíní.

Ẹlẹ́fun Sábẹ̀ẹ́
Kí ẹ fa àpótí kóòṣì náà o, mítà mẹ́fà sí mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tó bá ṣèèṣì ba kóòṣì, eré ń lọ. Àmọ́ kóòṣì tó di asáré mú, tó tì í síwájú tàbí fà á padà, asáré yẹn jáde.

Ojú-Ilé
Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì. Tí wọ́n bá sá jáde kó ara wọn jọ sí béèsì tí asáré ń lọ, láti da ẹgbẹ́ tó ń mú rú, asáré náà ló máa jáde. Ayọ̀ ayò ló ń mú wọn jáde, wọn kì í mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kí ẹsẹ̀ kankan má kọjá ìlà bẹ́ǹṣì títí adájọ́ á fi ní bọ́ọ̀lù ti kú. Ẹni tó kàn láti gbá lè mú igi tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilé kúrò, ìyẹn dára, àmọ́ kó kọ́kọ́ wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ó ku ọ̀kan. Àwọn kan níbí ń gbá Baseball5, èyí tí kò ní igi. Ṣé òfin kan náà ni?

Ará Kétu
Èyí tó máa wà ní Dakar ní 2026 fún Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn. Ẹni márùn-ún sí márùn-ún, mítà 13 láti béèsì sí béèsì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá, kò sí ajubọ́ọ̀lù, asáré kò sì gbọdọ̀ jí béèsì. Nítorí náà gbogbo ẹjọ́ onígi tó ń dí aṣọ́lé tí asáré bá ń jí béèsì kò sí níbẹ̀. Ti asáré tó kọlu ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ máa rí jù, nítorí pápá kéré, gbogbo wọn sún mọ́ra. Ẹ fi adájọ́ kan sí ẹ̀yìn béèsì kejì, kí ojú rẹ̀ wà lára asáré nìkan, kí ẹnì kejì máa wo bọ́ọ̀lù.